Ẹ̀yin onílé Òṣogbo, mítà kan kò tó yàrá mẹ́jọ

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní ilé ní ìlú Òṣogbo,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú owó sìmẹ́ǹtì, ẹ kú owó páànù, ẹ sì kú àfaradà àwa ayálégbé. Aránṣọ ni mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ní Òkè-Fìà, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, ilé ìdáná kan lẹ́yìn, mítà iná kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀nà. Mítà yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Kì í ṣe onílé tiwa nìkan ni mo ń kọ̀wé sí, nítorí àwọn oníbàárà mi ń wá láti Alékúwodò, láti Òkè-Báálẹ̀, láti Àyétòrò, kò sì sí èyí tí mo ń wọn ara rẹ̀ tí kì í sọ ti iná ilé wọn fún mi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa ló ń ṣẹlẹ̀ nílé tiwọn náà.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo gbé wá kò gùn. Ẹ jẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní mítà kékeré tirẹ̀, kí ẹ sì gbà fún ayálégbé tó bá lágbára rẹ̀ pé kó gbé sólà sórí òrùlé yín. Owó wa la máa fi ṣe méjèèjì. Àṣẹ yín la ń tọrọ.

Ẹ bá mi ká lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lálẹ́ ọjọ́ kan. Mò ń lọ aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ wá gbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí, pí, pí, iná pupa ojú rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Kí n tó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ilé ti ṣú. Ilẹ̀kùn mẹ́jọ ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ní, "Ṣé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó kọjá la dá owó ni?" Ẹlòmíì ní, "Ta ló ń jẹ ẹ́?" Ìyàwó tó ń ta omi tútù búra pé òun máa ń pa fírísà òun lọ́sàn-án. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní yàrá ìparí ní kọ̀ǹpútà alágbèéká òun ò ju ti fóònù méjì lọ. Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi, nítorí mo jáde tòun ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó ṣì ń gbóná.

Mi ò bínú sí wọn. Òótọ́ ni pé áyọ́ọ̀nù mi ń jẹ iná. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò ní ohun kan tí mo lè nà síta kí n sọ pé, "Ẹ wò ó, iye tí mo jẹ rèé." Àwọn náà ò ní. Àwa mẹ́jọ ń jẹun nínú abọ́ kan nínú òkùnkùn, kálukú ń fura sí ọwọ́ ẹnì kejì. Ó tó wákàtí kan kí owó tó pé. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló ra tókìn lórí fóònù rẹ̀, èmi ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn án, ó ń tẹ nọ́ńbà 20 náà ní mẹ́rin mẹ́rin. Ó ṣi ọ̀kan tẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iná fi máa dé, èèyàn mẹ́ta nínú ilé wa ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Yàrá kẹta lápá òsì ni Màmá ń gbé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lọ́nà jíjìn. Gílóòbù kan ni wọ́n ní, LED oníwáàtì 10, àti rédíò kékeré tí wọ́n fi ń gbọ́ wáàsí. Wọn kì í lo fáànù, wọ́n ní atẹ́gùn rẹ̀ ń mú eegun àwọn. Bí onílé wa ṣe pàṣẹ ni pé kí a máa pín owó iná dọ́gba, ₦5,000 lórí yàrá kọ̀ọ̀kan lóṣù. Màmá san án fún oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kẹrin wọ́n pè mí wọ yàrá, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n wá ní kí n bá àwọn sọ fún oníṣẹ́ iná kó wá já wáyà àwọn, pé àwọn ò ṣe mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò gbà. Oníṣẹ́ iná já a.

Láti ìgbà náà, bí Màmá bá ń lọ kírun ìrọ̀lẹ́, wọ́n á di àtùpà olóbátìrì wọn sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n á gbé e dání lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á bẹ ladánì kó bá àwọn kì í bọ iná. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, wọ́n á gbé e padà bọ̀ wá sílé. Mo máa ń rí wọn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí yàrá iwájú ni mo fi ń ránṣọ, ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mò ń sùn sí. Àgbàlagbà, nínú ilé tí wáyà iná wọ̀, tó ń lọ tọrọ iná níta. Ẹ̀yin òbí wa, ó ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yúníìtì kan ni ẹgbẹ̀rún wáàtì fún wákàtí kan. Gílóòbù oníwáàtì 10 tó ń tàn fún wákàtí mẹ́fà lálaalẹ́ kò jẹ tó yúníìtì méjì lóṣù. Ká fi rédíò kún un, ká pè é ní méjì gééré. Àdúgbò tiwa wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ní ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ni iná gbọ́dọ̀ wà fún. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó Band A láti nǹkan bí ₦68 lórí yúníìtì kan sí ₦225. Ó sọ̀ díẹ̀ lọ́dún náà, ₦209.50 ni àwa ń rà á nígbà náà. Yúníìtì méjì jẹ́ ₦419. Bí a bá fi VAT 7.5% lé e, kò ju nǹkan bí ₦450 lọ. Màmá san ₦5,000.

Ẹ wá wo ẹni tó ń fi sítóòfù oníná dáná. Ẹgbẹ̀rún wáàtì ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn mìíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí èèyàn bá tan án fún wákàtí méjì lójúmọ́, yúníìtì 60 ló máa jẹ lóṣù, tí í ṣe ₦12,570 kí VAT tó dé. Òun náà ń san ₦5,000. Mi ò ní kó má dáná o. Gáàsì ti wọ́n, mo mọ ohun tó gbé e dé ìdí sítóòfù náà. Ṣùgbọ́n owó ọbẹ̀ rẹ̀ ló ń jáde lápò obìnrin tí kò ní fáànù.

Ibi tó tún burú sí ni pé irú pípín yìí ń fi ìyà jẹ ẹni tó bá ń ṣọ́ iná lò. Ẹ gbọ́ tèmi. Mọ́tò tó wà lábẹ́ máṣíìnì mi tẹ́lẹ̀ jẹ́ irú ti àtijọ́, èyí tó jẹ́ pé bí mo bá ti tan án báyìí, ó ń yí, ó ń kùn, yálà mò ń rán aṣọ ni o, tàbí mò ń gé e, tàbí mò ń bá oníbàárà dúnàádúrà. Àwa télọ̀ mọ̀ ọ́n, ariwo rẹ̀ máa ń wọni lára débi pé ìgbà tí iná bá lọ lèèyàn ń mọ̀ pé ó ti ń dún láti àárọ̀. Mo tọ́jú owó fún oṣù mélòó kan, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí servo. Ti servo, àfi bí mo bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó yí. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó dákẹ́ lọ gbári. Mo tún yọ gbogbo gílóòbù oníwáàtì 60 tó ń tàn pupa, mo fi LED sí i. Ṣé ẹ mọ iye tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ níbẹ̀? Bí mo bá dín ₦4,000 kù nínú iná ilé lóṣù kan, a ó pín in sí mẹ́jọ, ₦500 ni tèmi. Ẹni tó bá sì tan iná òun sílẹ̀ láti òru mọ́jú, bó bá jó ₦4,000, ₦500 náà ni yóò mọ̀ lára. Ta ló máa wá ra gílóòbù tó dáa? Ta ló máa dìde láti orí bẹ́ẹ̀dì lọ pa fáànù ọ̀dẹ̀dẹ̀? Àwọn aládùúgbò mi kì í ṣe èèyàn búburú. Mítà ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Mítà kékeré tí mò ń wí yìí, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní sub-meter, kò ju páálí mílíìkì kékeré lọ. Mítà ńlá wà láyè rẹ̀, ẹ ò ní í fọwọ́ kàn án, torí ti ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kékeré ń wà, lórí wáyà tó lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó ń ka yúníìtì tí yàrá yẹn bá lò. Tí oṣù bá parí, a ó ka ti yàrá kọ̀ọ̀kan, a ó sì mọ ohun tí kálukú máa san. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé èèyàn lè san owó tirẹ̀ ṣáájú, tí tirẹ̀ bá tán, tirẹ̀ nìkan ni yóò lọ.

Mo ti rí i lójú mi. Oníbàárà mi kan ń gbé ní Ìgbọ̀nà, nílé Alhaja kan. Mo lọ gbé aṣọ fún un, mo bá pákó plywood kan lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, mítà kékeré mẹ́fà tò lé e ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n fi máákà kọ nọ́ńbà yàrá sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan so kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú okùn, báírò wà nínú rẹ̀. Mo ṣí i. Ìlà nínà, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, nọ́ńbà tí mítà wà, nọ́ńbà tó wà lóṣù tó kọjá, ohun tó kù nígbà tí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, owó, ìbuwọ́lùwé. Yàrá kan ti jẹ yúníìtì 11. Yàrá tó tẹ̀ lé e ti jẹ 58. Kò sí ẹni tó ń fura sí ẹnì kankan. Mo béèrè lọ́wọ́ oníbàárà mi bóyá ẹni tó jẹ 58 kò bínú, ó ní ẹ̀yìn oṣù kejì lẹni náà lọ tún ẹnu fíríìjì rẹ̀ tí kò pàdé dáadáa ṣe, tí ó sì ti ń jẹ iná lásán láti ọjọ́ pípẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti dúró síwájú pákó yẹn. Ó wù mí bí ẹni rí aṣọ tí wọ́n rán dáadáa.

Ẹ ó béèrè nípa ẹ̀rọ tó ń fa omi àti iná ẹ̀yìnkùlé. Ìbéèrè tó dáa ni, torí ẹ̀rọ omi kì í ṣe ohun kékeré, èyí tó bá jẹ́ horsepower kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 750. Nílé Alhaja, wọ́n á ro ti yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí mítà ńlá kà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti omi àti ti ìta, ìyẹn ni wọ́n ń pín dọ́gba. Ìyẹn tọ́ láti pín dọ́gba, gbogbo wa la ń pọn omi.

Mi ò ní í purọ́ fún yín pé kò ní wàhálà. Ilé tó ti pẹ́, wáyà yàrá kan sábà máa ń gba inú yàrá kejì kọjá, bẹ́ẹ̀ ni tiwa rí. Oníṣẹ́ iná tó wá wò ó ní àfi kí òun fa wáyà tuntun láti ibi mítà lọ sí yàrá mẹ́ta. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ó máa lu ihò díẹ̀ lára ògiri. A ti ṣe tán láti dá owó yẹn, a ó sì rẹ́ ihò. Wáyà àtijọ́ tí a bá sì yọ, ànfààní yín ni, nítorí wáyà tó ti gbó, tí wọ́n so pọ̀ sórí ara wọn, ló ń dá iná sí ilé.

Ohun kan tún wà nípa mítà ńlá tó yẹ kí n fi kún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ mítà tó ń lo tókìn onínọ́ńbà 20, kárí ayé ni o, ní láti gba àtúnṣe kan kí ọjọ́ 24 oṣù náà tó kọjá. Nọ́ńbà onínọ́ńbà 20 méjì ni a máa kọ́kọ́ tẹ̀ sí i, kó tó lè gba tókìn tuntun. Nílé wa, orúkọ bàbá tó bí onílé wa, tó ti dolóògbé, ni mítà ń jẹ́, nọ́ńbà fóònù tó wà lórí àkáǹtì rẹ̀ kò lọ mọ́. Onílé wà nílùú mìíràn, wọn ò mọ̀ nípa rẹ̀, àwa náà ò mọ̀. A ra tókìn, mítà kọ̀ ọ́. A tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀ ọ́. Òru méjì la sùn nínú òkùnkùn, owó wa sì wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà mítà àti nọ́ńbà àkáǹtì sára ògiri fún àwọn ayálégbé yín, kí ẹ sì fi fóònù ẹnì kan tó ń gbé inú ilé sí i. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àti pé bí ó bá jẹ́ ayálégbé ló san owó mítà ńlá, ẹ rántí pé ìlànà NERC, àjọ tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, ni pé kí wọ́n máa fi yúníìtì san owó náà padà díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó san án. Bí ẹni náà bá kó jáde kí ó tó gbà á tán, inú mítà ilé yín ni ìyókù ń wọ̀. Ẹ bá a ṣe ìṣirò tirẹ̀ kó tó lọ.

Mo fẹ́ sọ ti sólà wàyí, nítorí ibẹ̀ ni èmi àti onílé wa ti ní èdè àìyedè.

Àwa ará Òṣogbo mọ̀ pé ìlú wa níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, National Control Centre. Lọ́dún 2024, ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo ọ̀nà iná náà dà wó, tí orílẹ̀-èdè ṣú láti òkè dé ìsàlẹ̀, a sì jókòó sínú òkùnkùn níbí bí àwọn tó wà ní Sókótó ṣe jókòó. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" là ń fà. Kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó dé, tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá ₦1,000. Mo gbé owó rírán bùbá àti ìró sókè lẹ́ẹ̀mejì láàárín àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ oníbàárà mi sá lọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsúsú fún sólà. Páànẹ́lì méjì, ínfátà, bátìrì lithium kan. Yóò gbé máṣíìnì mi, fáànù, gílóòbù mẹ́ta àti fóònù. Kò ní í gbé áyọ́ọ̀nù, mo mọ̀, áyọ́ọ̀nù èédú tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi ṣì wà níbẹ̀ fún ìyẹn. Nígbà tí èsúsú kàn mí, mo lọ bá onílé wa lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní rárá, pé àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òrùlé àwọn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ wọn dáadáa láti ìgbà náà, n kò sì lè sọ pé wọn ò ní ìdí. Páànù ilé wa ti pẹ́, ó ti ń dógùn-ún. Owó páànù tuntun lónìí ń dẹ́rù bani. Bí ẹnì kan bá gun un tó sì fi ìṣó lu ihò káàkiri, òjò àkọ́kọ́ ló máa tú u fó, ayálégbé tó lu ihò náà lè ti kó lọ kí òjò tó dé. Ẹ̀rù ìjì náà tún wà. Bí mo bá ní ilé, èmi náà ó béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí oníṣẹ́ sólà ṣe fi hàn mí. Páànẹ́lì oníwáàtì 550 gùn tó mítà méjì lé díẹ̀, ó fẹ̀ tó mítà kan lé díẹ̀, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 28. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kílò 50. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi ìṣó gbá a mọ́ páànù. Orí ìgbì páànù, níbi tí omi kì í dúró sí, ló ń gbà, skúrù á wọlé lọ bá igi tó wà lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà á wà lábẹ́ orí skúrù, sílíkóònù á sì dí i yí ká. Ilé tí igi òrùlé rẹ̀ bá ti jẹrà, kò yẹ kí wọ́n gbé e síbẹ̀ rárá, mo gbà bẹ́ẹ̀. A lè fi irin ro ìdúró fún un ní ẹ̀yìnkùlé, bí oòrùn bá ń débẹ̀. Ẹ lè ní kí oníṣẹ́ tí ẹ̀yin fọkàn tán wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé e.

Ní ti bátìrì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ayálégbé gbé bátìrì olómi sínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí, ásíìdì wà nínú rẹ̀, ó sì ń tú gáàsì jáde nígbà tí iná bá ń wọ̀ ọ́. Lithium tí wọ́n ń pè ní LiFePO4 kò ní omi. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó ń gba iná wọlé kó sì tú u jáde ju ìgbà 3,000 lọ, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó ju ọdún mẹ́jọ. Ó wọ́n ju olómi lọ nígbà tí a bá ń rà á. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ilé tó kọ sólà gbà láyè. Nílé wa, bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló ń dún, méjì nínú wọn wà lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín wọn ń gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wọlé. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ti sùn kò ní í mọ̀ pé òun ń fà á símú, ó sì ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Bẹntiróòlù wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí onílé tó ní kí a wá gbàṣẹ kí a tó ra jẹnẹrétọ̀. Páànẹ́lì tí kì í dún, tí kì í rùn, òun la ń kúnlẹ̀ tọrọ.

Àwọn kan nínú yín gbà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Ọ̀rẹ́ mi kan, aṣerunlóge, gbàṣẹ lẹ́nu lọ́wọ́ onílé rẹ̀, ó gbé páànẹ́lì mẹ́rin sókè. Nígbà tí owó ilé máa pé, onílé fi owó kún un, ó ní ilé ti di ilé oní-sólà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi wá fẹ́ kó jáde, onílé ní ohunkóhun tó bá ti wà lórí òrùlé ti di ti ilé. Ó bẹ̀ ẹ́, ó kó àwọn àgbà àdúgbò dé ibẹ̀. Ó padà gbé ínfátà àti bátìrì lọ, páànẹ́lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lókè títí di òní. Owó tó yá ló fi rà wọ́n, ó sì ṣì ń san gbèsè náà nígbà tó ń kẹ́rù.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n ṣe ìwé ojú ewé kan tí onílé àti ayálégbé yóò jọ fọwọ́ sí. Kí ó wà nínú rẹ̀ pé páànẹ́lì báyìí báyìí ni, ti lágbájá ni. Pé bí òrùlé bá jò níbi tí wọ́n gbé e sí, òun ni yóò tún un ṣe. Pé nígbà tó bá ń lọ, yóò kó ohun rẹ̀, yóò sì dí ojú ihò. Pé a kò ní í tìtorí rẹ̀ fi kún owó ilé. Ẹ lè gba owó ìdúró díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òrùlé, kí ẹ dá a padà nígbà tó bá ń lọ tí gbogbo nǹkan bá wà létòlétò. Èmi ó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí.

Bí ẹ bá sì ní kí n mú ọ̀kan nínú ẹ̀bẹ̀ méjèèjì, ti mítà kékeré ni màá mú. Sólà mi lè dúró. Owó èsúsú rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kò ní í jẹrà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra mítà kékeré kan. Mi ò tíì sọ fún Màmá. Ó wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì máṣíìnì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò òwú. Oníṣẹ́ iná ti ní ọjọ́ tó bá ti yá ni kí n pe òun, wákàtí kan ló máa gbà á láti dá wáyà yàrá kẹta padà. Onílé wa máa ń ka ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn ní alaalẹ́. Bàbá, bí ẹ bá ka èyí, ẹ kàn fi "bẹ́ẹ̀ ni" ránṣẹ́ sí mi, mo ti ń retí yín.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, ayálégbé,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.